Iṣẹ́ Ọwọ́ Bùnmi Ni Mo Fi Gba Àdúrà

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Mi ò kọ irú nǹkan báyìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni rí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá tún gbé e mì, ó máa há mi lọ́fun. Àwọn èèyàn ń yìn mí lórí ohun tí mi ò ṣe. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí báyìí, ńṣe ni mo máa ń wá ibi tí mo máa sá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Orúkọ tí mo fẹ́ pe àwọn èèyàn inú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, aṣọ ọmọdé ni mò ń tà níbẹ̀. Ọkọ mi, Délé, ni àkọ́bí ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní Challenge pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Bùnmi. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ilé wọn, Bùnmi ló wọlé tẹ̀lé mi.

Ìyá ọkọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń gbé ní Bódìjà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Onítẹ̀bọmi sì ni wọ́n láti ilé bàbá wọn. Olùkọ́ orin ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà lọ́mọdé.

Màmá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò bẹ́ẹ̀. Wọn ò fìyà jẹ mí rí. Ṣùgbọ́n mi ò kàwé púpọ̀, ohùn mi ò sì dùn. Bí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á fún mi lóúnjẹ, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á tán láàárín wa. "Ìyàwó Délé" ni wọ́n máa ń pè mí.

Ti Bùnmi yàtọ̀. Olórin ni. Bó bá ti wọlé, Màmá á ṣí dùùrù tó wà ní pálọ̀, àwọn méjèèjì á máa kọrin. Èmi á bọ́ sí ilé ìdáná, màá máa fọ abọ́. Kò sí ẹni tó ní kí n lọ fọ abọ́ o. Èmi ni mo máa ń sá lọ síbẹ̀. "Ọmọ mi" ni Màmá ń pe Bùnmi, mo sì máa ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì Màmá ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun, wọ́n sì gbé ọ̀kan kọ́ sí òkè ibi tí dùùrù wà gan-an. Làkúrègbé ti wà lọ́wọ́ Màmá tẹ́lẹ̀. Òtútù yẹn wá ń wọ ọrùn ọwọ́ wọn. Bí ìsìn bá parí, wọn ò ní lè de bọ́tìnnì aṣọ ara wọn. Wọ́n ra ìbọ̀wọ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n ìyẹn bo ìka, ìka wọn sì ń yọ̀ lórí dùùrù. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún pásítọ̀ pé kí ó máa wá ẹlòmíì tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n dé ilé, wọ́n jókòó síwájú dùùrù tiwọn, wọn ò ṣí i.

Bùnmi gbọ́. Ó wà nínú oyún nígbà náà. Oyún náà ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì ti ní kó má ṣe máa dìde káàkiri, orí ibùsùn ni kó wà. Ó rán ọkọ rẹ̀ lọ ra òwú ní Dùgbẹ̀. Orí ìdùbúlẹ̀ yẹn ló ti fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun ìbọ̀wọ́ fún Màmá, irú èyí tí kò ní ìka. Ó bo àtẹ́lẹwọ́ àti ọrùn ọwọ́, ó lọ sókè díẹ̀ sí apá, àmọ́ gbogbo ìka á yọ síta kí wọ́n lè tẹ dùùrù.

Ó rẹwà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí ẹ̀wà rẹ̀ wà lára ohun tó sún mi dẹ́ṣẹ̀. Àwọ̀ àlùkò ni òwú náà. Bùnmi hun àwòrán ewé sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ewé kan ń gun orí ekejì lọ sókè. Ó wá to ìlẹ̀kẹ̀ funfun wẹ́wẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Ọkọ rẹ̀ sọ pé bí ojú òwú kan bá ti bọ́ lára abẹ́rẹ́, Bùnmi á tú u, á tún un hun, bí ẹ̀yìn bá tilẹ̀ ń dùn ún.

Mo gbé ọbẹ̀ ẹja lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó fa ìbọ̀wọ́ náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi í sínú láílọ́ọ̀nù, ó ní, "Ìyá Tómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún Màmá lọ́jọ́ ìbí wọn lọ́la. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò lè dìde ni, ǹ bá gbé e wá fúnra mi." Tómi ni orúkọ ọmọ mi àgbà. Mo ní kò sí wàhálà.

Fún ìgbà pípẹ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé Màmá ló fi irọ́ sí mi lẹ́nu, pé ìbéèrè tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ kejì ló ká mi mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ èrò máíkírà tí mo wọ̀ ní Challenge lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ti mú ìbọ̀wọ́ yẹn jáde, tí mo wọ̀ ọ́ wò. Obìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí bóyá èmi ni mo hun ún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yìn mí. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ kí Màmá kú ọjọ́ ìbí, mo gbé láílọ́ọ̀nù náà fún wọn. Wọ́n wọ ti ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n wọ ti òsì. Wọ́n na ìka wọn, wọ́n ń wò wọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣí dùùrù, wọ́n sì tẹ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n tún tẹ òmíràn. Nígbà tí wọ́n yíjú sí mi, omi ti lé sí wọn lójú.

Wọ́n ní, "Ta ló hun èyí fún mi?"

Mo ní, "Èmi ni, Mà."

Wọ́n bi mí pé ṣé mo mọ̀ ọ́n hun ni. Mo ní wọ́n kọ́ wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n kọ́ wa, ẹyọ ìgbálẹ̀ la fi ṣe abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo hun nígbà náà kò tó fi nu tábìlì. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ náà, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ tí o fi tu ọwọ́ mi lára yìí, kò ní rọ." Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni mo ti ń wá kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀. Mo sunkún. Màmá rò pé ayọ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ó ṣì ku èyí tó burú jù. Nígbà tí Bùnmi pè mí láti bi mí bóyá Màmá fẹ́ràn rẹ̀, mo ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n sì dúpẹ́. Mo wá fi kún un pé wọ́n ní kó má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ náà sílẹ̀ mọ́, kó gbájú mọ́ ìsinmi. Bùnmi gbà mí gbọ́, ó sì ní kí ọkọ òun náà má dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ bá mi jíṣẹ́." Bí mo ṣe di ẹnu àwọn méjèèjì pa nìyẹn.

Ní ti Màmá, ohun tí wọ́n rí ni pé Bùnmi kàn kí wọn lórí fóònù ni. Wọn ò bínú sí i ní gbangba. Ṣùgbọ́n mo rí i bí ìfẹ́ ṣe ń ṣí díẹ̀díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan pé ẹni tí àwọn fọkàn tán kọ́ ló rántí àwọn nígbà ìrora. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Mo dákẹ́.

Màmá padà sídìí dùùrù. Ìyẹn ni ohun rere tó wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́ yẹn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ń gbọ́ pé ìyàwó ọmọ wọn ló hun ún. Ọkọ mi náà ń fi yangàn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Bùnmi bímọ, kò ní ìyá tí yóò wá bá a tọ́jú ọmọ. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó wọlé ọkọ. Màmá lọ kí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n padà sílé. Wọ́n ní ọwọ́ wọn ò lè gbé omi gbígbóná. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ tàtijọ́ ni, Màmá á lọ, kódà bó bá jẹ́ pé wọ́n á kàn jókòó tì í. Ọkàn mi ò gbà á. Èmi ni mo wá ń lọ láràárọ̀ láti Agbowó sí Challenge, mo ń wẹ ọmọ, mo ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá rẹ̀, kí n tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ẹni tó bá wá kí Bùnmi ló ń sọ fún pé èmi ni ìyá òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ń gún mi bí abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ ìkómọ ni àṣírí tú. Wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù sí pálọ̀ ilé Bùnmi, Màmá sì tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó ń kọrin. Nígbà tí wọ́n sinmi, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fọwọ́ kan ìbọ̀wọ́ náà, ó ń yìn ín. Màmá tọ́ka sí mi láàárín èrò, wọ́n ní, "Ìyàwó Délé nìyẹn, ọmọ mi. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún."

Bùnmi wà lórí àga, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Ó wo ọwọ́ Màmá. Ó wò mí. Bí ilẹ̀ bá lanu, mo ti ṣe tán láti wọ ibẹ̀. Mo ń retí ọ̀rọ̀ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Bùnmi ní, "Ó bá yín lọ́wọ́ mu, Mà." Ó sì tẹrí ba, ó ń tún aṣọ ọmọ ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ purọ́ pé ara mi ò yá. Mo wá rò ó pé ta ni yóò wẹ ọmọ. Mo lọ. Bùnmi ṣílẹ̀kùn, ó kí mi dáadáa, ó gbé ọmọ fún mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Èmi, ìyàwó àgbà.

Ó ní, "Ìyá Tómi, ẹ dìde. Omi ọmọ ń tutù."

Mo wẹ ọmọ náà tán pẹ̀lú omijé. Nígbà tí ọmọ ti sùn ni Bùnmi tó bi mí pé kí ló dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan obìnrin inú máíkírà. Mo sọ pé mo ń jowú rẹ̀. Mo sọ pé bí Màmá bá ń pè é ní ọmọ wọn, ó máa ń dùn mí wọra. Ó gbọ́ ọ tán. Ojú rẹ̀ pọ́n, mo sì rí i pé kò rọrùn fún un.

Ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá bá yín hun tiyín, kí ẹ lè ní èyí tí ẹ máa fún wọn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá gbá mi létí, ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní mo máa lọ jẹ́wọ́ fún Màmá. Bùnmi kọ̀. Ó ní bí Màmá bá gbọ́, wọ́n á bọ́ ìbọ̀wọ́ náà kúrò lọ́wọ́, wọ́n lè máà tẹ dùùrù mọ́, òun ò sì hun ún kí wọ́n lè bọ́ ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n fi sílẹ̀. Àṣírí náà wá di tàwa méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá Bùnmi lẹ́bi lórí èyí. Èmi ni mo fi í sínú rẹ̀.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Màmá ní ìbọ̀wọ́ náà ti ń já níbi àtàǹpàkò, pé kí n bá àwọn hun òmíràn. Mo sáré lọ bá Bùnmi. Mo rò pé ó máa ní kí n mú òwú wá kí òun hun ún. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kó abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi nìyẹn. Ọwọ́ mi le bí igi. Mo máa ń fa òwú le jù. Èyí tí mo kọ́kọ́ hun, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni ì bá gbà. Bùnmi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ tí kò dùn mí. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ọjà kò yá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú ojú òwú pọ̀ sí i níbi àtàǹpàkò, bí wọ́n ṣe ń hun ewé. Ó ń tú tèmi bó ṣe ń tú tirẹ̀, láìkanra. Mi ò ní àbúrò obìnrin nílé bàbá mi. Mo ti ní ọ̀kan báyìí, irọ́ mi ló sì mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ fún un láìdúpẹ́ fún irọ́ náà. Bí ọkàn mi ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí mo parí èyí tó ṣeé wọ̀, ewé rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo hun ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì Màmá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá fẹ́ fi dùùrù sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ fún wọn. Àwọn obìnrin náà fẹ́ kí n dìde lọ́jọ́ náà, kí n bá àwọn ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ìyá ọkọ.

Mo mọ̀ pé mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo sọ fún Bùnmi pé lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní gbọ́ tirẹ̀. Mo lọ sí Bódìjà. Mo gbé ìbọ̀wọ́ tuntun sórí tábìlì, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí pé ìkúnlẹ̀ ò tó mi. Mo ní, "Èyí tí mo hun nìyí, Mà. Bùnmi ló hun èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Lórí àìsàn ló ti hun ún. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a jíṣẹ́, mo sì fi ṣe tèmi."

Màmá mú ìbọ̀wọ́ tuntun náà, wọ́n fi ìka tọ ewé rẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ Bùnmi tí o ń lọ wẹ̀ láràárọ̀ nígbà yẹn, ṣé ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́?"

Mo ní, "Òótọ́ ni, Mà."

Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ pe mọ́tò, àwọn ń lọ sí Challenge.

Nígbà tí a débẹ̀, Màmá ò jókòó. Wọ́n di ọwọ́ Bùnmi méjèèjì mú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mi ò mọ̀. Mo sì fi ọ́ sílẹ̀ nígbà ìkúnlẹ̀ rẹ." Bùnmi fẹ́ sọ pé ó ti tán, ẹkún ò jẹ́ kó sọ ọ́. Mo rọra jáde, mo fi wọ́n sílẹ̀. Màmá sùn síbẹ̀, wọn ò sì padà sí Bódìjà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Màmá ò lé mi. Wọ́n bá mi wí, wọ́n bá mi wí gan-an, ẹ̀tọ́ mi sì ni. Wọ́n gba ìbọ̀wọ́ tí mo hun. Wọ́n ní ewé rẹ̀ wọ́, àwọn á máa wọ̀ ọ́ nílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kú kí n tó sọ ọ́.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Màmá ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kí n má gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bùnmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ò tíì gbọ́. Màmá ní kí n yan ọjọ́ tí mo máa sọ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn ò tíì gbà pé mi ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ojú ló ń tì mí. Bí mo bá dákẹ́, ìyìn Bùnmi ṣì wà lọ́rùn mi. Bí mo bá dìde sọ òótọ́, mo lè ba ọjọ́ ìdúpẹ́ Màmá jẹ́, ìtìjú á sì kan ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó dàgbà jù mí lọ, ẹ má fi òwe irọ́ àti òtítọ́ dá mi lóhùn, mo mọ gbogbo wọn. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe.

Bùnmi, mo mọ̀ pé o máa ń ka ojú ìwé yìí. Wàá ti dá ara rẹ mọ̀. O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo tún ti ṣàìgbọràn sí ọ. Mo kàn fẹ́ kí ó wà níbì kan tí èèyàn lè kà á, pé ìwọ lo hun ún.